Ìran Tí A Lọ Bẹ̀ Lọ́wẹ̀ Lórí Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí màmá mi ṣe ń ríran sí nígbà náà, kó lọ bi àpò èédú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi téèyàn ti ń jáde kúrò ní Omifunfun. Àpò náà gba ìkíni tó pé lọ́jọ́ yẹn, orúnkún títẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìṣojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí àpò èédú, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé èmi tí mò ń jókòó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ní Èkó dé ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹsẹ̀, tèmi ti ẹrù lẹ́yìn bí ìgbín.

Ago Alaye ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọmọ Ago Alaye. Ìhà Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ padà sílé. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún báyìí, a ò tíì padà. Bàbá mi ti kú, kòkó tí wọ́n gbìn ti di arúgbó, àwọn Ìkálẹ̀ tó yí wa ká sì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní, wọ́n ní àlejò ṣì ń dún lẹ́nu ìyá yìí.

Aládùúrà ni màmá mi, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Ìyá ìjọ ni wọ́n. Ohun tí ìran bá sọ ni wọ́n ń ṣe. Bí aríran bá ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀gúsí, ẹ̀gúsí ti parí nílé wa nìyẹn. Ọdún kan wà tí ìran ní kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa má ṣe fi aṣọ pupa bora, aṣọ òtútù kan ṣoṣo tí a ní sì rèé, pupa ni. A gbọ̀n títí ọyẹ́ fi lọ. Bàbá mi gbọ̀n jù wá lọ, nítorí pé wọn ò gba ìran náà gbọ́, wọ́n kàn ń bẹ̀rù màmá mi.

Ojú màmá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Oǹdó sọ pé nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa mú un kúrò, pé bí àwọn bá ṣe é láàárọ̀, ilé ni wọ́n á sùn lálẹ́. Ó ní kí a má ṣe fi falẹ̀. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n gbàdúrà fún un tọkàntọkàn, wọ́n sì gbéra, ó di Ago Alaye. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì á bàjẹ́. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ sí ti oúnjẹ, nẹ́tíwọ̀kì á dára padà.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nígbà náà. Màmá mi nìkan ló ń gbé ilé yẹn. Igi ni wọ́n fi ń dáná. Kànga tó wà lẹ́yìn ilé kò ní ìdérí tó dúró dáadáa. Bí fóònù mi bá dún ní kùtùkùtù, kí n tó gbé e, mo ti rí kànga náà lójú inú mi.

Mo bẹ̀ wọ́n, ẹ̀bẹ̀ ò ràn. Mo bínú, ìbínú ò ràn. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé ìran ni wọ́n ń gbọ́. Ó dáa, n ó bá wọn wá ìran lọ. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń gbàdúrà lórí òkè kan tó wà kọjá Omifunfun, lápá ọ̀nà Oǹdó. Bàbá Orí-Òkè ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Kò sí aríran tí màmá mi gbà gbọ́ tó wọn. Mo pinnu pé n ó lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá, n ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kàn sọ fún màmá mi pé Ọlọ́run ní kí wọ́n lọ ṣe ojú. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi Ọlọ́run fúnra rẹ̀, kí ló máa sọ? Mo kàn fẹ́ bá a sọ ọ́ ṣáájú ni.

Ohun tó mú kí n fẹsẹ̀ rìn ni pé àwa kan níbi iṣẹ́ ti dá ẹgbẹ́ ìrìn sílẹ̀. A máa ń rìn ní Sátidé, a ó ya fọ́tò, lẹ́yìn náà a ó jẹ ju ohun tí a rìn dànù lọ. Wọ́n ní àwọn ń wá òkè gidi, ọ̀nà jíjìn, èyí téèyàn á rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo mọ ọ̀kan. Mo pe màmá mi pé a máa rìn láti Ore dé orí òkè, kí wọ́n pàdé wa ní Omifunfun pẹ̀lú oúnjẹ. Nẹ́tíwọ̀kì dára gan-an lọ́jọ́ náà.

"Ẹsẹ̀?" ni màmá mi bi mí. "Láti Ore?"

"Ẹsẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Mi ò ní bi ọ́ ní ohun tó gbé ọ lọ."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè àdúrà àyàfi ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọ mọ́tò, kì í gun ọ̀kadà, ẹnì kan kì í sì í bi í léèrè ohun tó ń wá. Gbogbo ìjọ tó bá wà lójú ọ̀nà ló máa jáde pàdé rẹ̀, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì fà á lé ìjọ tó kàn lọ́wọ́. Pé èèyàn tó ní owó mọ́tò á máa fẹsẹ̀ rìn nítorí fàájì, ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n lè rò. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ lọ oko láti kékeré, kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe fàájì sí?

Mẹ́ta ni wá tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ore. Ẹ mọ Ore, ibi tí gbogbo mọ́tò tó ń lọ ìlà-oòrùn ti ń dúró jẹun, tí àwọn arìnrìn-àjò á na ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì padà sínú mọ́tò. Àwa nìkan ló na ẹsẹ̀ tí a ò padà sínú mọ́tò. Àwọn ọlọ́kadà yí wa ká, wọ́n wo bàtà wa, wọ́n wo ọ̀pá ìtilẹ̀ onírin tó wà lọ́wọ́ mi.

"Madam, na where una dey waka go?" ni ọ̀kan bèèrè. Mo sọ fún un pé a ń rìn ni, a ń na ara. Ó wo ẹrù ẹ̀yìn wa dáadáa. "With load? Una thief something?"

Ọ̀nà Odigbo kò ṣe ẹnì kankan lóore. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa nípa ọ̀dà tó kún inú ilẹ̀ Agbabu, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jáde, tẹbítọmọ wa ló máa di olówó. Ọ̀dà náà ṣì wà nínú ilẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ojú ọ̀nà tó ń wá ọ̀dà kiri ni a sì ń rìn, a ń ti inú kòtò bọ́ sínú kòtò.

Nígbà tí a máa fi dé Odigbo, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ agogo. Lẹ́yìn náà ni mo rí sùtánà funfun tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú àbẹ́là àti abọ́ omi. Màmá mi ti pè wọ́n ṣáájú. Àwọn ìyá náà kúnlẹ̀ síwájú mi láti fọ ẹsẹ̀ mi, bàtà mi sì rèé, tuntun, ọlọ́rùn gíga, okùn rẹ̀ kò ṣe é tú kíá. Wọ́n da omi lé bàtà náà lórí. Nígbà tí a wá bọ́ ọ tán, ẹsẹ̀ mi ti lé ròrò láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Àwọn ìyá náà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀jẹ́ yìí wúwo," ni ọ̀kan nínú wọn sọ.

Ọlọ́run á fi ọkọ dá a lóhùn, ni wọ́n gbà ládùúrà. Àmín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjèèjì ló pariwo jù lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orúnkún ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà ti wú, ìpàdé pàjáwìrì sì ti dé fún èkejì. Àwọn méjèèjì wọ mọ́tò padà sí Èkó. Kí n tó dé ìlú tó kàn, mo rí i lórí fóònù mi pé wọ́n ti kọ ọ́ síta pé àwọn ti gun òkè náà tán, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó dúró tì wọ́n.

Èmi nìkan ni mo rìn dé Omifunfun. Màmá mi ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rí wọn láti òkèèrè: sùtánà wọn ń dán nínú oòrùn, wọn ò wọ bàtà, wọ́n ru àpò kékeré, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ dání. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Mo ju ọwọ́ sí wọn. Wọn ò ju ọwọ́ padà. Mo rìn títí mo fi dé iwájú wọn gan-an, èémí ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, mo kàn dúró, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá mi wò mí lójú.

"Àlàáfíà fún yín, arábìnrin," ni wọ́n wí. "Ẹ ò pàdé ọmọ mi lọ́nà? Ọmọ kékeré kan báyìí, ó gbé báàgì sẹ́yìn."

Ẹ̀rín náà gbẹ sí mi lẹ́nu. "Màmá, èmi nìyí."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo ń dán ọ wò ni." Wọ́n ti ń ṣí kúlà kí wọ́n má bàa rí bí mo ṣe ń wò wọ́n, tàbí kí èmi má bàa rí i pé wọn ò lè rí i. "Jẹun. O ti rù."

Mo ti sanra lọ́dún yẹn. Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omijé lójú, mo dá ata lẹ́bi.

Ohun tí mo ti bá wọn sọ lórí fóònù ni pé kí wọ́n fún mi lóúnjẹ, kí wọ́n sì gun ọ̀kadà padà sílé, kí ẹnì kan wá mú wọn wá bá mi lẹ́sẹ̀ òkè lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní rárá, àwọn ń bá mi rìn. Wọ́n ní ẹni tó ń san ẹ̀jẹ́ kì í dá nìkan wọ orí òkè nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà láyé. Mo ní kò burú. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé bí wọ́n bá rìn bẹ́ẹ̀ dé iwájú Bàbá, kò sí bí ìran náà ò ṣe ní wọ̀ wọ́n lára. Inú tiwọn náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì fura.

A ò tíì jìnnà sí ìlú nígbà tí a dé ibi tí àwọn tó ń sun èédú kó ọjà wọn sí. Àpò kan dá dúró síwájú àwọn yòókù, wọ́n fi koríko dí ẹnu rẹ̀, wọ́n fi okùn wé e, ó sì rí rọ̀bọ̀tọ̀. Màmá mi dẹ ìrìn, wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, mà. Ẹ kú oòrùn."

Àpò náà kò dáhùn. Màmá mi dúró dè é díẹ̀, nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ síwájú. "Àwọn èèyàn ibí yìí ò mọ ìkíni jẹ́," ni wọ́n sọ fún mi.

Ẹ̀rín pa mí. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà mo wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, ọrùn gígùn tí wọ́n nà síwájú bí ẹni tó ń wọ yàrá tó ṣókùnkùn, mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri láyé nìyẹn láti ìgbà yìí wá. Ẹkún ló kù tí mi ò sun.

"Màmá, àpò èédú lẹ kí yẹn."

"Mo mọ̀. Mo ń fi ṣe àwàdà ni."

Wọ́n ní àwọn mọ ọ̀nà tó gé kúrú. Wọ́n yà sínú oko kòkó, wọ́n ń rìn níwájú bí ẹni tó ni ilẹ̀, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà náà ti wà nígbà kan lóòótọ́. Ní báyìí, ilé ẹnì kan ló gbé wa dé, kòkó tútù tí wọ́n sá sórí tapólì sì gba gbogbo iwájú ilé náà. Kí n tó lanu, màmá mi ti gun orí tapólì náà, wọ́n rìn án já láti etí kan dé etí kejì. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ọkùnrin tó ni kòkó náà bú jáde láti inú ilé, ìbínú ti kún ẹnu rẹ̀. Ó rí sùtánà. Ó rí agogo kékeré lọ́wọ́ wọn. Ó gbé èébú náà mì, ó kúnlẹ̀ sínú kòkó rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà sí i, nítorí pé òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Màmá mi gbàdúrà fún kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣe àmín.

Mo fún wọn ní ọ̀pá ìtilẹ̀ mi lẹ́yìn náà. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kí n má rò pé ojú ni, orúnkún ni. Etí wọn dára púpọ̀, kò sí mọ́tò tí wọn ò gbọ́ kí n tó gbọ́. Ní gbogbo ibi tí a bá ti sinmi, wọ́n á sọ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀ pé ọmọ àwọn kékeré lèyí, ọmọ tó gbẹ̀yìn, ẹ wo bó ṣe ń rìn. Àwọn èèyàn náà á wo ojú mi lábẹ́ fìlà tí mo dé, wọ́n á wo màmá mi, wọ́n á sì sọ pé Ọlọ́run á dá a sí.

Òkè náà kò ga tó bí mo ṣe rántí rẹ̀ láti kékeré. Àpáta dúdú ni, pẹ̀lú igi díẹ̀ lórí bí irun orí ọmọ tuntun. Bàbá Orí-Òkè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú àgọ́ onípákó, wọ́n ti gbó gan-an, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò yí padà. Nígbà tí màmá mi lọ bọ́ sẹ́yìn láti fọ ojú àti ẹsẹ̀, mo sáré wọ àgọ́, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Mo ní irọ́ kọ́ ni mo ní kí wọ́n pa. Mo ní dókítà náà, Ọlọ́run ló dá a. Bàbá di ojú, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́.

"Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"Ẹ jẹ́ ká gòkè."

Mo ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Mo bọ́ bàtà mi, nítorí pé ẹnì kan kì í wọ bàtà gun ibẹ̀, mo so ó kọ́ igi. Àpáta náà gbóná. Ọwọ́ màmá mi wà léjìká mi, wọ́n ń kọrin, ẹsẹ̀ mi tó ti bó sì ń bá àpáta náà sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bàbá ń lọ níwájú bí ẹni tó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Lórí òkè, a kúnlẹ̀. Bàbá lu agogo, wọ́n gbàdúrà. Àdúrà náà gùn. Wọ́n gbàdúrà fún ìjọ, fún àgbẹ̀, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n kàn ń fà á. Mo la ojú kan láti wò bóyá ìran ti ń bọ̀. Mo rí màmá mi. Àwọn náà la ojú kan, wọ́n kọ ọ́ sí apá ibi tí ohùn Bàbá ti ń wá. Ó ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n mo di ojú mi padà.

Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní kí a dìde jókòó.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni wọ́n wí, "ẹ ti rán Ọlọ́run níṣẹ́ kí ẹ tó débí. Ọmọ kúnlẹ̀ fún mi nísàlẹ̀ yìí, ó ní kí n sọ pé mo rí ìran, kí ìyá lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ti pè mí lórí fóònù láti Ago Alaye, ó ní bí ọmọ òun bá dé, kí n sọ pé mo rí ìran, pé ojú òun ti là, kí ọmọ yéé da òun láàmú." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú etí sùtánà. "Èmi ò rí nǹkan kan. Ìyá àti ọmọ tó rìn láti ọ̀nà jíjìn wá purọ́ fún ara wọn ni mo rí, ìyẹn ò sì gba àdúrà. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n gbé agogo wọn, wọ́n sì ṣáájú wa lọ.

Mo bínú sí ọkùnrin náà. Kò sí àgbà tí kì í fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ ṣe, irọ́ kan ṣoṣo péré, irọ́ tó máa gba ojú ènìyàn là, ó ní òun ò pa. Mi ò lè wo màmá mi. Àwọn náà ò wò mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígòkè lọ fún ẹni tí kò rí ibi tí ẹsẹ̀ máa bà. Mo ń sọ pé ọ̀tún, mo ń sọ pé ó jìn díẹ̀, wọ́n ń ṣe bí mo ṣe wí. Nígbà tí a dé ìdajì, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó.

"Bàbá ẹ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọsibítù," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "O ò sí nílé. Ó mú rédíò dání, ó ní òun ò fẹ́ kí ìròyìn alẹ́ kọjá òun. Rédíò yẹn nìkan ni mo gbé padà sílé. Ó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí tí a fi dé Ago Alaye. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á."

Mi ò tíì gbọ́ ìyẹn rí. Mo mọ rédíò náà. Orí pẹpẹ ló wà nílé, mo rò pé wọ́n fi ṣe ìrántí ni.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni màmá mi wí. "Ìyá ìjọ ni mí, ẹ̀rù abẹ ń bà mí. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún ní ìṣọ́ òru?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Màmá."

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ìwọ kọ́ ni wọ́n fẹ́ la lójú."

"Kànga ẹ̀yìn ilé."

Wọ́n ro ìyẹn. "Mo mọ ibi tí kànga wà."

"Ẹ mọ ibi tí ìyá eléèédú wà náà, ẹ ṣì kí wọn."

Ohùn kan jáde láti ọ̀fun wọn, mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà sùtánà wọn fi bọ́ sílẹ̀, mo ní láti sáré mú un kí atẹ́gùn tó gbé e. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí Bàbá bá gbọ́ wa nísàlẹ̀, wọ́n á rò pé ẹ̀mí ti bà lé wa.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. "Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é yẹn, ṣé èèyàn ń wọ bàtà wọ ibẹ̀?"

"Rárá o. Ẹnu ọ̀nà lẹ máa bọ́ ọ sí."

"Aṣọ ńkọ́?"

"Wọ́n á fún yín ní tiwọn. Ó gùn dé ẹsẹ̀, ẹ ó sì dé fìlà."

"Funfun?"

"Aláwọ̀ ewé ni, mà."

Wọ́n mi orí, ó hàn pé ìyẹn kù díẹ̀ káàtó. "Wọn ò rí funfun rà ni?" Lẹ́yìn náà wọ́n gbá ọ̀pá mú, wọ́n dìde. "Bọ́ bàtà, wọ sùtánà, dé fìlà. Ó dáa. N ó lọ. Ṣùgbọ́n má sọ fún Bàbá pé òun ló ṣe é."

A lọ sí Oǹdó. Nígbà tí wọ́n mú màmá mi wọlé, mo jókòó síta pẹ̀lú sùtánà wọn tí mo ká sórí itan. Kò sẹ́ni tó rán mi, mo gbàdúrà. Kò gùn, kò sì dùn létí.

Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú nǹkan tí wọ́n fi bo ojú ọ̀tún. Màmá mi wo nọ́ọ̀sì, wọ́n kí i. Wọ́n wo fèrèsé. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. Mi ò dé fìlà lọ́jọ́ náà, mi ò sì dirun, mo kàn fi rọ́bà so ó sẹ́yìn. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Súnmọ́ mi."

Mo súnmọ́ wọn.

"Ewú," ni màmá mi wí.

"Ewú ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi kékeré ń bọ̀." Wọ́n yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan funfun yẹn dí i padà."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì sí orí mi, wọ́n ń ya irun náà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo tẹrí ba kí ọwọ́ wọn lè tó o.